Ọjọ́ Tí Òfófó Di Ẹ̀rí

Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, ẹ jókòó. Ẹ má sún mọ́ epo o, torí tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi kì í gbé ibì kan, ṣíbí àkàrà a sì máa bá ọwọ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe òfófó. Ẹ̀rí ni. Dókítà ló pè é bẹ́ẹ̀, ní Arò, lójú Màmá Ìjọ̀kó, ohun tó sì fà á nìyẹn tí Màmá Ìjọ̀kó fi bá mi yan odì fún oṣù méjì gbáko. Ẹ jẹ́ kí n yí èyí padà ná kó má jó.

Ṣé ẹ mọ Bọ̀dá Mò-ń-bọ̀? Ẹni tó ń gbé yàrá kẹta lápá òsì, tó ní kẹ̀kẹ́ ológeere tí kò ní táyà iwájú. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwa ará ilé la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á kàn ní, “Mò ń bọ̀,” ó di gbéré. Ó lè wọlé lọ mu omi, kó rí fáànù tó ti dákẹ́, kó tú fáànù, kó gbàgbé omi, kó gbàgbé yín, kó gbàgbé pé òun gbé ìrẹsì kaná. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta la sáré pa iná ní yàrá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun náà wà lára àwọn tó ń gbé omi, ó ń bèèrè pé yàrá ta ló ń jó.

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, ni kò rẹ́rìn-ín.

Iléeṣẹ́ rọ́bà ló ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí súpáfáísọ̀ wọn máa ń ra àkàrà lọ́wọ́ mi, kì í sì í jẹ gbèsè. Ṣé ẹ mọ bí Ọ̀tà ṣe rí láàárọ̀? Kí agogo mẹ́fà tó lù, abẹ́ bíríìjì Ṣàngó ti kún: àwọn tó ń bọ̀ láti ṣíìfù alẹ́ àti àwọn tó ń lọ sí ti àárọ̀ ń forí gbárí, kálukú pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, ọkọ̀ kòǹténà sì ti dí ọ̀nà. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá kan, òórùn bisikíìtì. Bó bá fẹ́ láti apá kejì, òórùn náílọ́ọ̀nù tó yọ́. Ọkọ mi, kí ọlọ́jọ́ tó dé, máa ń sọ pé òun lè fi imú mọ ọjọ́ tí wọ́n ń san owó. Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n. Iṣẹ́ rọ́bà.

Iléeṣẹ́ karùn-ún tó máa ṣe nìyẹn. Ìwé kúẹ́rì tí wọ́n ti fún un tó fi bo orí ṣọ́ọ̀bù. Ó pẹ́ dé. Ó dé tán, ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ wo ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ó buwọ́ lu ibi tí kò yẹ. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń họrí, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè lóru. Á kó sábẹ́ ẹ̀rọ lágogo mẹ́jọ alẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá a níbẹ̀, kò jẹun, kò tọ̀. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé kò lè fọkàn sí nǹkan. Ó ń fọkàn sí i. Òun kọ́ ló ń yan ohun tí ọkàn rẹ̀ máa lọ sí ni. Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì tó lágbára, tí ẹlòmíràn wá jókòó sí ìdí sítíárìn.

Ní Oṣù Ògún, ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ tó ń gé rọ́bà láìpa á. Ohun mìíràn ló ń rò. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bá ẹ̀rọ lọ. Orí ló kó ìka rẹ̀ yọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí i lórí àtẹ̀gùn yẹn, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wò ó. Láti 1993 tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i kó jókòó láìmi ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí. Mo fún un ní àkàrà márùn-ún, mi ò gba owó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti Lọ́ńdọ̀n. Àǹtí Peckham, ẹni jẹ́jẹ́, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ má rò pé mo fetí kọ́gi o. Sípíkà ló fi fóònù sí, ògiri ilé yìí kò sì nípọn. Àǹtí ní ilé ìwé ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe òun nítorí ọmọ òun. Wọ́n fún òun ní fọ́ọ̀mù: Ṣé ọmọ yìí máa ń sọ nǹkan nù? Ṣé ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀? Ṣé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó pa á tì? Àǹtí ka fọ́ọ̀mù náà dé ìdajì, ló bá bú sẹ́kún. Kì í ṣe nítorí ọmọ. Òun gan-an ni wọ́n ń ròyìn. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n yẹ òun náà wò, wọ́n sì fi í sórí ìlà. Ní Ìlú Ọba, ìlà àgbàlagbà tó ń wá àyẹ̀wò yìí gùn débi pé ọdún lèèyàn fi ń kà á. Àǹtí ti lo ọdún mẹ́ta, kò tíì kàn án.

“Àbúrò mi,” ló wí, “nǹkan yìí ló ń ṣe ọ́. ADHD ni.”

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Màmá Ìjọ̀kó wà níbẹ̀, ó wá wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ “éè-dì-éèsì-dì,” ó fò dìde, ó káwọ́ lérí: “Èèdì! Mo wí bẹ́ẹ̀! Wòlíì ti rí i láti ọjọ́ yìí!”

Ní tòótọ́, wòlíì kan ti rí i. Ọdún méje sẹ́yìn, Màmá mú un lọ sórí òkè kan, wọ́n ní ẹnì kan ní ìdílé ló di èèdì mọ́ ọn. Ó gbààwẹ̀, ó tan àbẹ́là 21, ó wẹ̀ ní odò, ó sì gbàgbé bàtà sétí odò náà. Ẹ̀yin tó mọ èèdì, ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá di í mọ́ èèyàn, onítọ̀hún á máa ṣe ohun tí kò fẹ́ ṣe, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, á sì máa wo ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ká má parọ́, ohun tó ń ṣe Bọ̀dá gan-an nìyẹn. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dìde, ìdí rẹ̀ kò gbéra. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé Tóògéètì. Wòlíì ríran. Ibi tó ti ṣìnà ni bó ṣe ń wá ẹni tó di í.

Àǹtí Peckham wá ń ṣàlàyé láti inú fóònù pé kò sẹ́ni tó di nǹkan kan, pé láti inú oyún ni ọpọlọ àwọn mìíràn ti ń rìn lọ́nà tirẹ̀, àti pé ó máa ń tẹ̀ lé ìdílé. Màmá ní, “Ìdílé ta?” Gbogbo agboolé dákẹ́. “Ìdílé bàbá wọn ni kẹ́ ẹ wí.” Ó dáa, mo mọ bàbá wọn, kí Ọlọ́run forí jì í. Ọkùnrin tó ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ìdírókò, tó gbàgbé ibi tí ilẹ̀ náà wà. Kì í ṣe bíi ti àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta o; ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbé, olè ni. Àmọ́ Màmá fúnra rẹ̀, tó ti fi gààrí sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi nígbà ìpọ́njú kòrónà, tí kò tíì rántí wá gbé e... Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.

Bọ̀dá ní òun máa lọ sí Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta. Háà! Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe Arò ní ilẹ̀ yìí. Bí ọmọdé bá ya wèrè díẹ̀ níbi eré, “Arò ni wọ́n máa gbé ẹ lọ.” Àwọn ará Èkó ní tiwọn, Yábàá Left, ilé ìwòsàn tó ti wà láti 1907, tí ìjọba oyìnbó dá sílẹ̀ láti fi kó àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú pamọ́. Òfin tí wọ́n sì fi ń darí ọ̀rọ̀ náà, òfin wèrè gan-an lorúkọ rẹ̀, ìjọba wá, ìjọba lọ, ó ṣì wà níbẹ̀ títí Buhari fi buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìn-ín-ní 2023. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Sùrá, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, fi kó aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn tó wà nítòsí yàrá Bọ̀dá lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

A lọ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin tí ẹ bínú pé àkàrà kò sí lọ́jọ́ náà, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Màmá Ìjọ̀kó ní kí n sin àwọn, torí òòyì máa ń kọ́ ọ nínú ọkọ̀. Ká tó kúrò nílé, Ìyá Ìbejì ti fi okùn so ìwé tí dókítà àdúgbò kọ mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn bí ìgbà tí wọ́n so ońdè mọ́ àbíkú. A wọ mọ́tò ní Ṣàngó, a kọjá Ifọ̀, a kọjá Papalanto. Nígbà tá a dé Ewékorò, Bọ̀dá ti ń ṣàlàyé fún gbogbo inú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ òkúta di sìmẹ́ǹtì. Àlàyé náà dùn! Àlùfáà kan tó jókòó níwájú tilẹ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tá a bọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló rántí pé òun gbé àpò òun sábẹ́ ìjókòó. Ọkọ̀ ti lọ. Ìwé ọrùn rẹ̀ nìkan ló kù.

A dé Arò. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń wá wèrè, mi ò rí. Igi ni mo rí, àti àwọn èèyàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì: ìyá ọlọ́mọ, akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ìwé, bàbá kan tó wọ agbádá tó ń ka ìwé ìròyìn. Gbogbo wọn ń wo èmi. Ó jọ pé àwọn náà ń wá a.

Bàbá ìwé ìròyìn yẹn ló sọ ìtàn ibẹ̀ fún mi, ẹ sì mọ̀ pé èèyàn kì í jókòó tì mí kó má sọ̀rọ̀. Ó ní ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí ayé kò retí. Kò kó àwọn aláìsàn sẹ́yìn odi. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí Arò ká, kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Aláìsàn kì í dá wá. Ará ilé kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa fojú tó o. Ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kì í ṣe kó lé wọn. Ẹni tí wọ́n ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ló padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, láti 1973 títí di 1988. Mo ronú sí i lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ọkùnrin náà mọ̀ pé ohun tó ń ṣe èèyàn, ará ilé ló kọ́kọ́ ń rí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Wọ́n pe Bọ̀dá àti ìyá rẹ̀ wọlé. Mo dúró síta. Ilẹ̀kùn náà kò wọ inú férémù rẹ̀ dáadáa, ẹ̀bi mi kọ́ nìyẹn.

Dókítà náà, ọmọbìnrin kékeré kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ní kò sí ẹ̀jẹ̀ tí òun lè fà tó máa sọ bóyá ADHD ni, kò sì sí fọ́tò ọpọlọ tó máa fi í hàn. Òun máa fa ẹ̀jẹ̀ o, òun máa wọn ìfúnpá, àmọ́ láti mọ̀ bóyá àìsàn mìíràn ló ń dà á láàmú ni. Ó bi í léèrè oorun, ọtí, igbó, ìbànújẹ́, bóyá ó ti forí gbá rí. Lẹ́yìn náà ló kan ìbéèrè 18 kan, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́wọ́ sí ìwé rẹ̀: ẹ̀ẹ̀melòó ni o máa ń gbàgbé àdéhùn? Ẹ̀ẹ̀melòó ni o máa ń mi ẹsẹ̀ bó o bá jókòó pẹ́? Ìdáhùn márùn-ún ló wà, láti orí “rárá” dé “gbogbo ìgbà ṣáá.” Bọ̀dá ń dáhùn, ó ń mi ẹsẹ̀.

“Ó dáa,” ni dókítà wí. “Mo ní láti mọ bó ṣe wà kó tó pé ọmọ ọdún 12. Bí nǹkan yìí bá jẹ́ òun lóòótọ́, ó ti gbọ́dọ̀ wà nígbà náà, kì í ṣe ohun tó ń bá àgbà lójijì. Mà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí ní kékeré?”

Màmá Ìjọ̀kó tún gèlè ṣe. “Ọmọ mi? Jẹ́jẹ́ ló máa ń jókòó. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí. Ìwé ni, ìwé ni ṣáá.”

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ Bọ̀dá dákẹ́.

Dókítà bèèrè káàdì ilé ìwé. Màmá ní àgbàrá òjò ti gbé e lọ. Òtítọ́ nìyẹn, ó gbé tèmi náà lọ. Dókítà tún bèèrè bóyá àwọn tíṣà máa ń fẹjọ́ sùn. Màmá ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìwà rere. Mi ò dá a lẹ́bi o. Ìyá wo ló máa jókòó síwájú àjèjì tó di bírò mú, kó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀? Ẹni tó bá di bírò mú lórílẹ̀-èdè yìí, bóyá ọlọ́pàá, bóyá ẹni tó ń gba owó orí. Ẹgbẹ̀rún ìyá ló máa purọ́ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni wọ́n sì máa pè é. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yìí ti fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀: jẹ́jẹ́, ìwé ṣáá.

Ikọ́ ta mí.

Bọ̀dá ní, “Dókítà, obìnrin kan wà níta. Àkàrà ló ń dín. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agboolé wa láti ọgbọ̀n ọdún tí kò mọ̀.”

Mo wọlé. Mi ò jókòó kí wọ́n tó ní kí n jókòó, ẹ̀kọ́ ilé ni. Dókítà bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ní kékeré. Mo ní, “Dókítà, ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò Abíọ́lá ni wọ́n kó wá.” Ó ní, “1993.” Mo ní, “Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ọ̀sẹ̀ tí ìgboro gbóná, gbogbo wa ti ilẹ̀kùn, òun gba ojú fèrèsé jáde. Orí ògiri la ti bá a, ó ń ka ọkọ̀ sójà.”

Ó ń kọ ọ́. Inú mi dùn. Mo tẹ̀ síwájú.

“Ọdún kejì rẹ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo dáṣẹ́ sílẹ̀, tí kẹrosíìnì di góòlù, wọ́n rán an lọ tò sí ìlà. Ó tò fún wákàtí mẹ́rin. Ó ku ẹni méjì kó kàn án, ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojúurin ní apá Ìjọ̀kó, ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì lọ wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé, kẹ́ẹ̀gì ṣófo, ó ní àgọ́ ọkọ̀ náà jẹ́ 18. Ìyá rẹ̀ nà án. Bó ṣe ń sunkún ló ń sọ pé méjì nínú wọn kò ní ilẹ̀kùn.”

Màmá Ìjọ̀kó wò mí. Ojú yẹn lè dín àkàrà láìsí epo.

“Ọjọ́ tí Abacha kú ńkọ́? Oṣù kẹfà 1998. Ọmọ ọdún 11. Gbogbo àdúgbò ń sáré wá gbọ́ ìròyìn nídìí rédíò mi, rédíò ńlá tí ọkọ mi rà ní Alábà. Rédíò wà nílẹ̀ lórí ẹní, wẹ́wẹ́. Ó ti tú u! Ọkọ mi fẹ́ pa á. Ọmọ yìí jókòó, Dókítà, kò gbọ́ igbe, kò gbọ́ èébú, ó dì í padà kí ìròyìn alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ku síkúrúù méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Rédíò náà sì ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ títí dòní.”

Mo lọ bẹ́ẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo sọ ti tíṣà tó ní kó kúnlẹ̀, tó sì kúnlẹ̀ rìn yí kíláàsì po. Mo sọ ti ọjọ́ ìdána rẹ̀, tí àwọn àna ti jókòó, tí òun ń bá ọlọ́kadà tí kò mọ̀ rí tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Ìyànà Ìlogbò, nínú agbádá funfun. Mo tún sọ ti Ìyá Sùrá àti owó àjọ, kó tó di pé dókítà rọra dá mi padà. Ó pa bírò dé, ó ní, “Mà, ẹ ṣeun. Irú ẹ̀rí tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ tilẹ̀ mọ ọdún rẹ̀.”

Ẹ̀rí! Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń pè mí ní elétí ọfẹ. Ohun kan ṣoṣo ni dókítà fi sàn jù wá lọ nínú agboolé yìí: gbogbo ohun tí mo sọ, àwa la ti ń sọ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n a máa ń fi “ọ̀dẹ̀” tàbí “ọ̀lẹ” parí rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn kọ ọ́ sílẹ̀, kò fi nǹkan kan parí rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe gbogbo òfófó ló rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì fi Simone Biles hàn mí lórí fóònù, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń tàkìtì bí ẹni tí kò légungun. Ní 2016, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì jí ìwé ìlera rẹ̀, wọ́n fọ́n ọn síta kí ayé lè rò pé oògùn olóró ló ń lò. Ó dáhùn pé ADHD ni òun ní, òun ti ń lo oògùn rẹ̀ láti kékeré, kò sì tì òun lójú. Ìyẹn ni òfófó burúkú: ẹni tó sọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n ní kékeré, kò sì sin ín lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ kí wọ́n tó sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Dókítà ní bí wọ́n bá kó 100 àgbàlagbà jọ káàkiri ayé, ó máa tó méjì ààbọ̀ tó ní in. Bọ̀dá padà wálé wá ń bèèrè pé ta ni ààbọ̀ yẹn. Ìyá Ìbejì ní, “Ìwọ ni, torí ìdajì rẹ nìkan ló máa ń wà nílé.” Ẹ̀rín tó kọ́kọ́ rín látìgbà tí iná jó nìyẹn.

Mo bi Àǹtí Peckham pé kí ló dé tí a kò rí i lára rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ojú mi ni òun náà ṣe dàgbà. Ó ní ti àwọn obìnrin máa ń fara pamọ́; wọn kì í sábà fò kiri, wọ́n á kàn jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ọkàn wọn á sì ti lọ. Wọ́n á ní ọmọ dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ láti àárọ̀ dọ̀sán, ilẹ̀ kò gbá. A ní ó ń ronú ọkọ.

Ó tún fún mi ní èyí, ẹ gbọ́, ó dùn. Oògùn tí wọ́n mọ̀ jù lọ fún nǹkan yìí, oníṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Switzerland ló ṣe é ní 1944, Leandro Panizzon. Rita ni wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó náà máa ń gbé e mì kó tó lọ gbá tẹ́níìsì, ọkọ bá sọ oògùn ní Ritalin. Ọdún 26 ni mo fi wà nílé ọkọ, kò sọ ewúrẹ́ lórúkọ mi.

Wọ́n fún Bọ̀dá ní oògùn tirẹ̀. Wọ́n ń wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n ń wọn bó ṣe tẹ̀wọ̀n, torí oògùn irú èyí lè pa ebi mọ́ni nínú, ó sì lè lé oorun. Oúnjẹ rẹ̀ dín kù lóòótọ́. Ìyá Ìbejì ń ka ìrẹsì tó ń ṣẹ́ kù. Mo bi í bó ṣe rí. Ó ronú. Ó ní, “Màmá Alákàrà, ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná dé lójijì, tí gbogbo ilé pa jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?” Mo ní mo mọ̀ ọ́n. “Ẹ mọ bí etí ṣe máa ń rí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń dún.”

Kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn níléeṣẹ́. Èmi náà ò sọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin kì í ṣe ará iléeṣẹ́. Kì í kúkú ṣe pé ó di ẹlòmíràn. Ó ṣì ń pẹ́. Fóònù rẹ̀ ń ké bí àkùkọ ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́ láti rán an létí. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lórí ìṣó kan lẹ́nu ọ̀nà, ìṣó tí Ìyá Ìbejì kàn. Tó bá ní “mò ń bọ̀” báyìí, ìdajì ìgbà ló ń padà. Lánàá, ó padà wá bi mí kí ni mo ń sọ. Èmi ni mo ti gbàgbé.

Màmá Ìjọ̀kó ńkọ́? Láti Arò dé Ifọ̀ lọ́jọ́ náà, fèrèsé ló ń wò. Oṣù méjì, bó bá wá kí ọmọ rẹ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé. Ó ní mo tú òun níhòòhò níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Mo fi àkàrà ránṣẹ́, ó dá a padà. Mo jẹ ẹ́.

Àfi lánàá, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Mo gbọ́ ìró bàtà, mo gbójú sókè, Màmá Ìjọ̀kó ló dúró síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí, ó gbé fóònù lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Kò kí mi. Ó ní, “Ó ti kan Àǹtí.” Mo ní, “Ó ti kan Àǹtí níbo?” Ó ní, “Níbi ìlà. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ní kékeré.” Ó gbójú sílẹ̀. “Mo sọ fún wọn pé jẹ́jẹ́ ló máa ń jókòó. Wọ́n ní ṣé kò sí ẹlòmíràn.”

Mo gbé agbada kúrò lórí iná. Mo nu ọwọ́, mo tún ìró mi ró. Òyìnbó obìnrin kan wà nínú fóònù náà, Àǹtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa túmọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo kí wọn, mo bèèrè òjò ìlú wọn. Mo wá fa àpótí fún Màmá Ìjọ̀kó, mo ní kó jókòó tì mí, torí ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ yẹn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó dá mi lẹ́nu.

Ó jókòó. Ó ní, “Má gbàgbé ti ìkòkò ọbẹ̀.”